Ṣé Abẹ́rẹ́ Àjẹsára Lè Mú Wàrà Màlúù Wa Pọ̀ Sí I?

Ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ orí rédíò



Òru ni tírélà màlúù sábà máa ń wọ Oko-Ọba ní Agége. Òkè Ọya ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń bọ̀, ìrìn ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, orí ìdúró ni àwọn màlúù náà sì máa ń wà títí wọn yóò fi dé. Bí wọ́n bá ṣí ẹ̀yìn ọkọ̀, àwọn tó ṣì lágbára á fò sílẹ̀ fúnra wọn. Àwọn tí orúnkún wọn ti yẹ̀ ni wọ́n ń fi okùn fà. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ ní odò ẹran. Àwọn alápatà ti pọ́n ọ̀bẹ, àwọn dókítà ẹran ń la ẹ̀dọ̀fóró wò bóyá ikọ́ ẹ̀gbẹ wà níbẹ̀, àwọn oníbàárà ti ń ná itan àti ṣàkì. Màlúù funfun oníwo gígùn tó ní iké léjìká ló pọ̀ jù nínú wọn. White Fulani ni àwọn onímọ̀ ń pè é, Bunaji ni àwọn ará Òkè Ọya ń pè é.

Láti Oko-Ọba dé Ọ̀gbà kò jìnnà. Ọ̀gbà ni ilé iṣẹ́ FrieslandCampina WAMCO wà, àwọn tó ń ṣe mílíìkì Peak àti Three Crowns. Wọ́n dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní 1973, kò sì sí ilé ní Èkó tí kò mọ agolo rẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú mílíìkì tó ń wọ agolo wọ̀nyẹn, lẹ́búlẹ́bú tó gba orí òkun wá ni. Màlúù tó wọ Agége, ẹran ló wá di. Mílíìkì tó jáde ní Ọ̀gbà, ara màlúù tí kò fojú kan ilẹ̀ Nàìjíríà rí ni wọ́n ti fún un. Àwọn méjèèjì ń sún mọ́ ara wọn lójoojúmọ́ láàárín Ìkẹjà àti Agége, wọn ò sì jọ ní nǹkan kan pọ̀.

Owó kékeré kọ́ ni ìyàtọ̀ yìí ń ná wa. Ní 2019, Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà sọ pé mílíìkì tí à ń rà láti òkèèrè ń gba nǹkan bíi bílíọ̀nù 1.2 sí bílíọ̀nù 1.5 owó dọ́là lọ́dún. Nígbà tó di oṣù kejì 2020, báńkì náà ní ilé iṣẹ́ mẹ́fà péré ni òun yóò máa fún ní owó ilẹ̀ òkèèrè láti fi ra mílíìkì, nítorí pé àwọn yẹn ti ń nawó sórí wàrà abẹ́lé. WAMCO wà lára àwọn mẹ́fà náà, bẹ́ẹ̀ ni Promasidor, àwọn tó ni Cowbell.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé màlúù wa kì í fún ni ní wàrà púpọ̀. Bí ọmọ rẹ̀ bá ti mu tirẹ̀, lítà kan sí méjì ló sábà máa ń kù fún darandaran lójúmọ́. Màlúù Holstein tí wọ́n ń tọ́jú dáadáa ní ilẹ̀ Netherlands lè fún ni ní lítà 25 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́ kan náà. Ẹni tó bá rí ìyàtọ̀ yìí kò ní pẹ́ kó tó béèrè pé ṣé kò sí abẹ́rẹ́ tí wọ́n lè fún màlúù tiwa kí wàrà rẹ̀ pọ̀ sí i ni. Àwọn onímọ̀ ti ń wá irú abẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ tipẹ́, ìtàn rẹ̀ sì yẹ ní gbígbọ́ kí ẹnikẹ́ni tó náwó lé e.

Kókó kékeré kan wà lábẹ́ ọpọlọ màlúù, àti lábẹ́ ọpọlọ ènìyàn náà, tí wọ́n ń pè ní pituitary. Ibẹ̀ ni họ́mọ̀ònù ìdàgbàsókè ti ń jáde sínú ẹ̀jẹ̀. Lára ọmọ màlúù, ìdàgbà ló ń bá a ṣe. Lára ìyá màlúù tó ń fún ọmọ lọ́mú, iṣẹ́ rẹ̀ yàtọ̀: òun ló ń darí oúnjẹ inú ẹ̀jẹ̀ síbi ọmú, kó má baà di ọ̀rá sára. Ìdí nìyí tí màlúù oníwàrà púpọ̀ fi ń rù ní oṣù àkọ́kọ́ lẹ́yìn tó bá bímọ, tí ọ̀rá inú ara rẹ̀ ń bá wàrà lọ.

Ní 1937, àwọn onímọ̀ méjì ní ilẹ̀ Soviet, Asimov àti Krouze, kọ ìwé pé àwọn fún ọ̀pọ̀ màlúù ní abẹ́rẹ́ omi tí wọ́n fún jáde láti inú pituitary àwọn ẹran tí wọ́n pa, wàrà wọn sì pọ̀ sí i. Nígbà ogun Hitler, tí oúnjẹ wọ́n ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn onímọ̀ ibẹ̀ ronú láti ṣe bákan náà. Wọ́n ṣírò rẹ̀, wọ́n sì rí i pé kò ṣeé ṣe: èyí tí wọ́n lè rí lára ẹran kan kéré jọjọ sí èyí tí màlúù kan nílò. Kódà bí wọ́n bá ń kó pituitary gbogbo màlúù tí wọ́n ń pa ní Oko-Ọba jọ lójoojúmọ́, agbo kékeré kan ni yóò tó.

Ọ̀nà là nígbà tí àwọn onímọ̀ rí i bí wọ́n ṣe lè fi àpèjúwe họ́mọ̀ònù náà sínú kòkòrò bakitéríà kí kòkòrò náà máa ṣe é fún wọn. Ní 1982, Dale Bauman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà tẹ àbájáde ìdánwò wọn àkọ́kọ́ jáde pẹ̀lú họ́mọ̀ònù tí wọ́n ṣe lọ́nà yìí. Ní oṣù kọkànlá 1993, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i; ní oṣù kejì 1994, ilé iṣẹ́ Monsanto bẹ̀rẹ̀ sí í tà á, wọ́n pè é ní Posilac. Abẹ́rẹ́ kan ní gbogbo ọjọ́ 14. Wàrà màlúù tó gbà á máa ń fi nǹkan bí ìdá mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i.

Abẹ́rẹ́ ọjọ́ mẹ́rìnlá mẹ́rìnlá kò rọrùn fún ẹni tó ní màlúù tó pọ̀, ó sì gbówó lórí. Ibẹ̀ ni èrò mìíràn ti wọlé: dípò kí wọ́n máa fi họ́mọ̀ònù kún họ́mọ̀ònù, kí ló dé tí wọn ò fi abẹ́rẹ́ àjẹsára kọ́ ara màlúù láti jẹ́ kí tirẹ̀ pọ̀ sí i?

Ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ láti orí àwárí kan tí ẹnikẹ́ni kò wá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, àwọn onímọ̀ nílé ẹ̀kọ́ ìwádìí Salk ní California, lábẹ́ Roger Guillemin, ń wá èròjà inú ọpọlọ tó ń pàṣẹ fún pituitary pé kó tú họ́mọ̀ònù ìdàgbàsókè sílẹ̀. Ọpọlọ àgùntàn ni wọ́n ń lọ̀, tí wọ́n ń sẹ́, ọ̀kẹ́ àìmọye orí àgùntàn. Èyí tí wọ́n bá níbẹ̀ kì í ṣe èyí tí wọ́n ń wá. Òdìkejì rẹ̀ gan-an ni: èròjà tó ń dá họ́mọ̀ònù náà dúró. Ní 1973 ni Paul Brazeau àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kéde rẹ̀, wọ́n pè é ní somatostatin. Ó kéré gan-an, ẹyọ amino acid 14 péré ló so pọ̀ di í. Guillemin wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1977.

Somatostatin yìí ni bíréèkì. Bí ó bá tẹ̀, họ́mọ̀ònù ìdàgbàsókè á dínkù. Bí ó bá tú sílẹ̀, họ́mọ̀ònù á jáde. Ẹni tó bá lè gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí bíréèkì kò nílò láti máa ra họ́mọ̀ònù.

Báwo ni wọ́n ṣe ń fi àjẹsára ṣe èyí? Ara kì í bá ohun tó jẹ́ tirẹ̀ jà, somatostatin sì tún kéré ju ohun tí àwọn ọmọ ogun ara ń kà sí lọ. Nítorí náà, àwọn onímọ̀ máa ń so ó mọ́ purotéènì ńlá kan tó jẹ́ àjèjì sí ara màlúù, bóyá láti inú bakitéríà. Wọn á pò ó mọ́ èròjà tó ń ta ara jí, wọn á sì fún màlúù ní abẹ́rẹ́. Ara á rí purotéènì àjèjì, á dìde sí i, nínú ìjà náà ni yóò ti mọ somatostatin tó so mọ́ ọn lójú. Láti ìgbà náà, àwọn èròjà tí ara ṣe láti fi jagun á máa dì mọ́ somatostatin nínú ẹ̀jẹ̀, kò ní lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa mọ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, wọ́n á tún abẹ́rẹ́ náà gún kí agbára rẹ̀ lè pẹ́.

Kì í ṣe àlá lásán ni èrò pé ara lè dojú ìjà kọ họ́mọ̀ònù tirẹ̀. Àwọn tó ń sin ẹlẹ́dẹ̀ ní Australia ti ń lo irú àjẹsára bẹ́ẹ̀ láti 1998: Improvac ni orúkọ rẹ̀. Họ́mọ̀ònù mìíràn ni ó dojú kọ, èyí tó ń darí ẹ̀yà ìbímọ, kí akọ ẹlẹ́dẹ̀ má baà ní òórùn burúkú nínú ẹran rẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá. Ó ṣiṣẹ́ débi pé ó dé ọjà lórílẹ̀-èdè púpọ̀.

Ti somatostatin kò rọrùn bẹ́ẹ̀. Ní 1983, Spencer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi tiwọn dán ọ̀dọ́ àgùntàn wò, wọ́n sì rí i pé wọ́n dàgbà yára ju àwọn tí kò gba abẹ́rẹ́ lọ. Inú àwọn onímọ̀ dùn. Àwọn mìíràn gbìyànjú rẹ̀ lára àgùntàn, ewúrẹ́ àti màlúù. Ó dára níbì kan, kò ṣe nǹkan kan níbòmíràn. Nígbà mìíràn ẹran á sanra, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, họ́mọ̀ònù ìdàgbàsókè kò yí padà. Ó jọ pé ìdí kan ni pé kì í ṣe inú ọpọlọ nìkan ni somatostatin ti ń ṣiṣẹ́. Ó wà nínú ìfun, ó wà nínú àmọ́ (pancreas), òun ló ń bu ìwọ̀n sí insulin àti sí bí oúnjẹ ṣe ń dà. Ẹni tó bá tú bíréèkì yìí sílẹ̀, gbogbo ibi tó wà ló tú u sílẹ̀ sí.

Ọ̀nà kejì yà àwọn onímọ̀ lẹ́nu jù. Ní àárín àwọn ọdún 1980, àwọn onímọ̀ kan ní ìlú London rí i pé àwọn èròjà ajagun kan wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá dì mọ́ họ́mọ̀ònù ìdàgbàsókè fúnra rẹ̀, dípò kí wọ́n pa á, ńṣe ni agbára rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Ibi tí wọ́n bá dì mú lára họ́mọ̀ònù náà ló ṣe pàtàkì. Tí wọ́n bá di apá kan mú tí wọ́n sì fi apá tó ń ṣiṣẹ́ sílẹ̀, họ́mọ̀ònù á pẹ́ nínú ara. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wá bí wọ́n ṣe lè fi ègé kékeré kan lára họ́mọ̀ònù màlúù ṣe àjẹsára, kí ara màlúù lè máa ṣe èròjà olùrànlọ́wọ́ bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ tó dára ni èyí, ó sì yẹ kí àwọn ọ̀dọ́ wa tó ń kọ́ nípa ìtọ́jú ẹran mọ̀ ọ́n. Síbẹ̀, láti 1994, Posilac abẹ́rẹ́ ọjọ́ mẹ́rìnlá ni àwọn àgbẹ̀ oníwàrà mọ̀. Àjẹsára kò tíì gba ipò rẹ̀. Ilé iṣẹ́ kékeré kan ní South Dakota ní Amẹ́ríkà, Braasch Biotech, tún gbé ti somatostatin dìde, ó pè é ní Somatovac, ó sì kọ́kọ́ ń polówó rẹ̀ fún wàrà màlúù. Nígbà tó yá ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi dán eku wò fún ìsanrajù.

Wàhálà tí Posilac fúnra rẹ̀ kó bá àwọn màlúù ni ó yẹ kí àwa níhìn-ín wò dáadáa, nítorí pé ohunkóhun tó bá ṣe irú iṣẹ́ kan náà lè kó irú wàhálà kan náà wá. Ní ilẹ̀ Canada, àwọn dókítà ẹran kó gbogbo ìdánwò tó wà nílẹ̀ jọ. Wọ́n rí i pé màlúù tó gba họ́mọ̀ònù yìí ní ewu ọgbẹ́ ọmú tó fi nǹkan bí ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún ga ju ti àwọn yòókù lọ, ewu kí ó má lóyún fi nǹkan bí 40 ga, ewu kí ó máa tiro sì fi nǹkan bí 55 ga. Ní oṣù kìíní 1999, Canada kọ̀ ọ́, nítorí ìlera màlúù. Ilẹ̀ Yúróòpù náà fòfin dè é láti 2000. Amẹ́ríkà kò fòfin dè é, ṣùgbọ́n àwọn tó ń ra mílíìkì ni wọ́n sọ pé àwọn ò fẹ́, àwọn ilé ìtajà ńlá sì tẹ̀ lé wọn. Ní ti ènìyàn tó ń mu wàrà náà, họ́mọ̀ònù màlúù kì í ṣiṣẹ́ lára ènìyàn, ikùn a sì máa da á bí ó ṣe ń da purotéènì yòókù.

Bí a bá gbé ọ̀rọ̀ yìí dé ilé, ìbéèrè tó wà níwájú wa ni pé kí ló ń dá wàrà Bunaji dúró. Ẹni tó bá rò pé họ́mọ̀ònù ni ó kéré nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yóò ṣìnà. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí koríko ti gbẹ, tí màlúù ń rin ọ̀pọ̀ kìlómítà kó tó rí omi, họ́mọ̀ònù ìdàgbàsókè inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í dínkù. Ó máa ń ga sókè ni. Ara tí ebi ń pa ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, kó lè jẹ ọ̀rá ara rẹ̀. Èyí tó ń dínkù ni èròjà kejì, IGF-1, tí ẹ̀dọ̀ máa ń ṣe nígbà tó bá gbọ́ ohùn họ́mọ̀ònù. Ẹ̀dọ̀ màlúù tí ebi ń pa kì í gbọ́ ohùn náà. Họ́mọ̀ònù ń ké, ẹ̀dọ̀ kò dáhùn, ọmú sì gbẹ.

Ẹni tó bá wá fún irú màlúù bẹ́ẹ̀ ní àjẹsára tó tú bíréèkì sílẹ̀, bíréèkì tí kò sẹ́ni tó tẹ̀ ẹ́ ló ń tú. Epo ni kò sí nínú ọkọ̀.

Wọ́n ti dán họ́mọ̀ònù náà wò lára màlúù ilẹ̀ olóoru rí. R. H. Phipps àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí jáde ní 1991 lórí bí wọ́n ṣe lò ó ní Zimbabwe, lára màlúù oníké, màlúù òyìnbó àti àdàmọ̀dì àwọn méjèèjì. Màlúù tí wọ́n ń fún ní oúnjẹ níbi kan ni wọ́n fi ṣe é, kì í ṣe èyí tó ń da ara rẹ̀ nínú igbó. Ìmọ̀ náà ṣeé lò nílẹ̀ Áfíríkà, nígbà tí oúnjẹ bá ti ṣáájú.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára kan wà tó ti fún ilẹ̀ Áfíríkà ní wàrà rẹpẹtẹ, kò sì ní ohunkóhun ṣe pẹ̀lú họ́mọ̀ònù. Àrùn kan tí wọ́n ń pè ní rinderpest máa ń wọ agbo màlúù nígbà kan rí, ibà gbígbóná, ìgbẹ́ gbuuru, láàárín ọjọ́ díẹ̀ agbo á ṣófo. Nítorí rẹ̀ ni wọ́n ṣe dá ilé iṣẹ́ ìwádìí sílẹ̀ ní Vom, lẹ́bàá Jos, ní 1924, ibi tó di National Veterinary Research Institute lónìí. Walter Plowright, dókítà ẹran ará Gẹ̀ẹ́sì, ṣe àjẹsára rẹ̀ tó dára jù ní Muguga, ní Kenya. Láti 1962 dé 1976, wọ́n fún màlúù káàkiri Áfíríkà ní abẹ́rẹ́ nínú ètò kan tí wọ́n ń pè ní JP15, àrùn náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kásẹ̀ nílẹ̀. Wọ́n dẹwọ́. Ní 1983, ó tún bẹ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà, ó sì pa màlúù tí kò níye, ọ̀pọ̀ darandaran ló sì di ẹni tí kò ní ẹran kankan mọ́. Wọ́n tún gbára dì. Ní 2011, àjọ àgbáyé kéde pé rinderpest ti tán pátápátá lórí ilẹ̀ ayé. Yàtọ̀ sí ṣọ̀pọ̀ná, kò sí àrùn mìíràn tí ènìyàn ti pa rẹ́ bẹ́ẹ̀.

Màlúù tó kú kò ní wàrà. Ìdí nìyí tí àjẹsára àrùn ẹ̀dọ̀fóró màlúù tó ń ràn, ti ánthráàsì àti ti àrùn ẹnu òun pátákò fi yẹ kó ṣáájú ohunkóhun tó jẹ mọ́ họ́mọ̀ònù. Vom ṣì ń ṣe púpọ̀ nínú wọn. Ohun tó máa ń bàjẹ́ ni òtútù tí àjẹsára nílò láti Vom dé ọ̀dọ̀ darandaran tó wà nínú igbó Ìsẹ́yìn tàbí Ṣakí, àti ẹni tí yóò gún un ní àsìkò tó yẹ.

Ní ti oúnjẹ, agbègbè Ìkẹjà àti Agége ní nǹkan lọ́wọ́ ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò lọ. Livestock Feeds, ilé iṣẹ́ oúnjẹ ẹran tí Pfizer dá sílẹ̀ ní 1963, wà ní òpópónà Henry Carr ní Ìkẹjà. Oúnjẹ adìyẹ ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí jù, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó ń lọ oúnjẹ adìyẹ lè lọ ti màlúù. Guinness ti ń pọn ọtí ní Ìkẹjà láti 1962. Ọkà tí wọ́n ti fún omi rẹ̀ tán lẹ́yìn ọtí pípọn ṣì ní purotéènì tó pọ̀. Àwọn tó ń sin ẹlẹ́dẹ̀ ní Òkè-Àró, lẹ́yìn Agége, mọ iyì rẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Ní Ìbàdàn, àwọn onímọ̀ ILRI, ilé iṣẹ́ ìwádìí àgbáyé lórí ẹran ọ̀sìn, ti fi hàn pé èèpo ẹ̀gẹ́ tí wọ́n máa ń dà nù sẹ́yìn ilé gàrí ṣeé rin, ṣeé fún, ṣeé yan tàbí sá, títí yóò fi di oúnjẹ ẹran tó ṣeé tọ́jú pamọ́ fún oṣù mélòó kan. Nǹkan bíi tọ́ọ̀nù mẹ́ta èèpo tútù ló ń di tọ́ọ̀nù kan oúnjẹ gbígbẹ. Gàrí kì í ṣọ̀wọ́n ní ilẹ̀ Yorùbá. Èèpo rẹ̀ kò lè ṣọ̀wọ́n.

Irú màlúù náà ṣe pàtàkì. Ní Shika, lẹ́bàá Zaria, ilé iṣẹ́ ìwádìí NAPRI ti fi ọ̀pọ̀ ọdún gbé àtọ̀ màlúù Friesian fún abo Bunaji. Àdàmọ̀dì tí wọ́n bí máa ń ní wàrà bí ìlọ́po méjì ti ìyá rẹ̀, ó sì tún fara da oòrùn ju bàbá rẹ̀ lọ. Ẹ fi èyí wé ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún tí họ́mọ̀ònù ń fi kún un. Lára màlúù tó ń fún ni ní lítà kan, ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kò kún ife tíì.

Ohun tó fi hàn pé wàrà abẹ́lé lè dé Ọ̀gbà ni iṣẹ́ tí WAMCO bẹ̀rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ láti 2010 pẹ̀lú ìjọba. Wọ́n dá ibùdó ìkówàràjọ sílẹ̀ ní Fáṣọlá, Ìsẹ́yìn àti àwọn ibòmíràn. Òwúrọ̀ kùtù ni wàrà máa ń dé, nínú kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n so mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà. Òṣìṣẹ́ á ṣí i, á gbóòórùn rẹ̀, á bu díẹ̀, á pò ó mọ́ sípíríìtì. Bí ó bá dì, ó ti ń kan nìyẹn, ẹni tó gbé e wá á gbé e padà. Òṣìṣẹ́ á tún ju òṣùwọ̀n kan sínú rẹ̀ láti mọ̀ bóyá wọ́n fi omi là á. Èyí tó bá yege ni yóò wọ táǹkì tó ń mú un tutù, kí ọkọ̀ tó gbé e lọ. Ní ibùdó náà ni àwọn dókítà ẹran àti àwọn tó ń kọ́ni ní gbígbin koríko ti ń bá darandaran pàdé. Ọ̀rọ̀ koríko ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń tẹnu mọ́ jù.

Ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ tí àwọn onímọ̀ họ́mọ̀ònù kì í sábà kà sí. Láàárín àwọn Fúlàní, ọkùnrin ló ni màlúù, obìnrin ló ni wàrà. Òun ló ń sọ ọ́ di nónò àti wàràǹkàṣì, òun ló ń ru igbá lọ sọ́jà, owó rẹ̀ ló sì fi ń bọ́ ọmọ. Bí wàrà bá di ohun tí ọkùnrin ń gbé lọ ta fún ilé iṣẹ́ lórí ọ̀kadà, ọwọ́ ta ni owó náà yóò bọ́ sí? Bí ohunkóhun bá sì sọ wàrà di púpọ̀, iṣẹ́ fífún un yóò pọ̀ sí i pẹ̀lú. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọgbẹ́ ọmú, èyí tí oògùn rẹ̀ jẹ́ owó, tí wàrà rẹ̀ kò sì ṣeé tà títí oògùn yóò fi kúrò lára màlúù.

Bí ẹnì kan bá gbé àjẹsára somatostatin wá sí Ìkẹjà lọ́la, NAFDAC ni yóò kọ́kọ́ bá, ní ẹ̀ka tó ń rí sí oògùn ẹran. Bí wọ́n bá fi àyípadà àbùdá ṣe é, àjọ tó ń bójú tó ààbò lórí irú nǹkan bẹ́ẹ̀, NBMA, tí òfin 2015 dá sílẹ̀, yóò tún yẹ̀ ẹ́ wò. Ó yẹ kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé báwo ni yóò ṣe dáwọ́ rẹ̀ dúró bí màlúù bá ń rù jù, nítorí pé họ́mọ̀ònù ọjọ́ mẹ́rìnlá ṣeé fi sílẹ̀, ṣùgbọ́n àjẹsára tó ti wọ ara kò ṣeé pè padà. Ó tún yẹ kí wọ́n béèrè ààbò fún ẹni tó ń gún abẹ́rẹ́. Somatostatin màlúù àti ti ènìyàn kò yàtọ̀ rárá. Bí abẹ́rẹ́ bá yẹ̀ tó gún darandaran lọ́wọ́, ara tirẹ̀ náà lè bẹ̀rẹ̀ sí í dojú ìjà kọ somatostatin tirẹ̀. Irú ìkìlọ̀ bẹ́ẹ̀ sì ti wà lára ìgò Improvac fún àwọn tó ń sin ẹlẹ́dẹ̀.

Ìdánwò rẹ̀ nílẹ̀ wa kò burú. Shika ní àdàmọ̀dì, Yunifásítì Ìbàdàn ní ẹ̀ka ìtọ́jú ẹran, ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ fún ọ̀rọ̀ ẹran ọ̀sìn sì ti wà láti oṣù keje 2024. Kí wọ́n pín àwọn màlúù náà sí ọ̀nà mẹ́rin: àwọn kan á gba àjẹsára nìkan, àwọn kan á gba oúnjẹ ẹ̀ẹ̀rùn nìkan, àwọn kan á gba méjèèjì, àwọn kan kò ní gba nǹkan kan. Kí wọ́n wọn wàrà, kí wọ́n wọn IGF-1 nínú ẹ̀jẹ̀, kí wọ́n ka iye tó lóyún padà àti iye tí ọmú rẹ̀ wú, kí wọ́n sì kọ iye tí obìnrin tó ni wàrà mú lọ sílé sílẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ òjò títí dé ìparí ẹ̀ẹ̀rùn.